Ta ni yóò gbé ọmọ náà dání? Lẹ́tà sí Olóòtú lórí abiyamọ àti iṣẹ́ oṣù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìfaradà. Mo ka lẹ́tà tí ọkùnrin kan kọ sí yín láìpẹ́ yìí, nínú èyí tó ti sọ pé ìwàkiwà tí a ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìwòyí kò ṣẹ̀yìn àwọn ìyá tó fi ilé sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ oṣù, tó sì rọ gbogbo abiyamọ pé kí wọ́n padà sílé bí àwọn ìyá wa àtijọ́ ti ń ṣe. Mo tún ka èsì tí obìnrin kan fún un, tó ní obìnrin tó bá jókòó sílé nítorí ọmọ ti fi ìwé tí òbí rẹ̀ rán an lọ kà ṣòfò. Mo ro ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dáadáa kí n tó mú kálámù. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló jìnnà sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú tí mò ń gbé, níbi tó jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ ìyá ti máa ń tún ọ̀rọ̀ yìí rò lójoojúmọ́, tí kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe rò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọjà mi ni mò ń polówó, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé jẹ́lé-ó-sinmi ni mò ń ṣe ní Ìgbógbó. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ni mo sì ń gbà báyìí. Owó tí àwọn ìyá ń san ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ó yẹ kó dùn mọ́ mi bí gbogbo abiyamọ Ìkòròdú bá ń lọ síbi iṣẹ́. Síbẹ̀, mo ti sọ fún ìyá tó ju ẹyọ kan lọ pé kó lọ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kó tó gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn kan gbọ́, wọn kò sì padà wá, ọ̀rọ̀ owó mi sì di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Mo fẹ́ bi ọkùnrin tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ léèrè pé àwọn ìyá àtijọ́ wo ló ní lọ́kàn. Ìyá tó bí màmá mi lọ́mọ, ẹja ló ń yan ní Báyékù títí tó fi dàgbà. Òun ló ń bá àwọn apẹja dúnàádúrà bí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀, òun ló ń ṣa igi, òun ló ń koná mọ́ ẹja, òun náà ló sì ń rù ú lọ sí ọjà. Kò sí ẹni tó bá a jíròrò rí bóyá ó yẹ kí abiyamọ ṣiṣẹ́ tàbí kò yẹ. Bí ó bá jókòó sílé, ta ni yóò fún un lówó tí yóò fi dá àjọ, tí yóò fi ra aṣọ ẹgbẹ́, tí yóò sì fi bá àwọn ẹbí rẹ̀ sin òkú? Owó ọkọ jẹ́ ti ọkọ, owó ìyàwó jẹ́ ti ìyàwó, ọkọ tó bá sì mọ nǹkan tó ń ṣe a máa fún ìyàwó rẹ̀ ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò.

Àwọn aláṣẹ pàápàá mọ èyí. Ní Abẹ́òkúta, nígbà ìjọba àwọn Òyìnbó, wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, wọn kò kà á mọ́ ti ọkọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé obìnrin ní owó tirẹ̀. Owó orí yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn obìnrin ọjà tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní 1947, tí wọ́n sì yarí títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ìyá ọmọ mẹ́rin ni obìnrin tó ṣáájú wọn yìí, olùkọ́ ni, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí mo máa ń rántí nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń wo iṣẹ́ tí mò ń ṣe bí àṣà Òyìnbó tó dé lánàá. Ní Ìkòròdú tiwa, ọjọ́ Orò ni ọjọ́ tí ìlú pa á láṣẹ pé kí obìnrin má jáde. Ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí rí mọ bí ọjà ṣe máa ń rí lọ́jọ́ náà.

Ìyá ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Ibi iṣẹ́ ló kó kúrò nítòsí ọmọ. Nígbà tí ìyá àgbà mi ń yan ẹja, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà, bí ẹ̀yìn bá sì ń dùn ún, ìyàwó ilé, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá ọkọ á gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dára o. Èéfín ẹja a máa ta ọmọ lójú, ó sì máa ń wọ̀ wọ́n láyà. Àwọn ọmọ tó ń wúkọ́ láti ọwọ́ ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú pọ̀ ní etí ọ̀sà nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó ń bi ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ebi bá pa ọmọ, ọyàn kò jìnnà. Obìnrin òní tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kò lè pọn ọmọ sẹ́yìn dé iwájú ọ̀gá rẹ̀, àwọn tó yẹ kó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé kò sì sí nílé mọ́. Ìyá ọkọ tó wá wẹ ọmọ gan-an ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó ń dúró dè é. Bí ogójì ọjọ́ bá ti pé, ó ti ń wo aago.

Ohun tó tún mú ti Ìkòròdú le ni ọ̀nà. Ìlú yìí ti di ibùgbé àwọn tí owó ilé Ìkẹjà àti ti Èkó kò jẹ́ kí wọ́n gbé nítòsí iṣẹ́ wọn. Lóòótọ́, a ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Odògúnyàn, a sì ní ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ṣí ní Ìmọ̀tà ní 2023, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń gbé ọmọ wá bá mi, òdì kejì Mile 12, níhà Èkó, ni wọ́n ń lọ. Àwọn kan ń wọ ọkọ̀ BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tí ìjọba nà dé Ìkòròdú ní 2015, àwọn kan ń gba orí omi láti èbúté Ìpakodò, àwọn tó pọ̀ jù ń wọ dáńfó. Ẹni tó bá fẹ́ dé Victoria Island ní aago mẹ́jọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí aago márùn-ún lù bá òun nílé.

Ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, iná kò sí, iná fóònù ni ìyá fi ń tan ọ̀nà wọlé. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì ń sùn. Ó rọra tú ọ̀já, ó gbé ọmọ lé mi lápá láìjẹ́ kó jí, ó sì gbé báàgì kalẹ̀: fíláàsì omi gbígbóná, ike ògì, páńpá, aṣọ méjì, àti ìró kan tí wọn kò fọ̀. Ìró yẹn, èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú un wá, kí wọ́n má sì fọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá jí tí kò rí ìyá rẹ̀, tí a bá fi ìró náà bò ó, òórùn ìyá tó wà lára rẹ̀ máa ń pa á lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ìyá tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ kì í bojú wẹ̀yìn bí wọ́n bá ti yíjú sí géètì. Àwọn tuntun ló ń bojú wẹ̀yìn, ọmọ á rí wọn, yóò sì figbe ta, ìyá náà á máa sunkún lọ sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú àtíkè lójú. Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà dé lálẹ́, ọmọ ti ń sùn. Bí odò Ògùn bá kún dé Májídùn àti Ajégúnlẹ̀, pàápàá lásìkò tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì máa wo ojú ara wa, èmi àti ọmọ. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó jẹ́ pé èmi ló kọ́kọ́ pè ní màámi. Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n jọ̀ọ́ má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́.

Bí ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ bá rí èyí, yóò sọ pé ohun tí òun ń wí náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó yẹ ká bá wí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òfin. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ti wà láti 1974, ní abala rẹ̀ kẹrìnléláàádọ́ta, fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ san, ó kéré tán, ìdajì owó oṣù rẹ̀ fún un lásìkò yìí, bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló ṣe dáadáa jù nínú wọn: láti 2014 ni obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún ìpínlẹ̀ ti ń gba ìsinmi oṣù 6 pẹ̀lú owó oṣù pípé fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, tí ọkùnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ sì ń gba ọjọ́ 10 bí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní tirẹ̀, sọ pé ọyàn nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kó má mu omi, kó má mu àgbo. Nítorí náà, tíṣà ìjọba ìpínlẹ̀ lè ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń tẹ̀ lé òfin 1974 yẹn gẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ padà síbi iṣẹ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìlú kan náà làwọn méjèèjì ń gbé, nọ́ọ̀sì kan náà ló sì bá wọn sọ̀rọ̀.

Abala òfin yẹn kan náà tún ní kí wọ́n fún ìyá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́, kó lè fún ọmọ lọ́yàn. Òfin dáadáa ni fún obìnrin tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ tàbí ní àdúgbò. Fún ẹni tó wà ní Victoria Island tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ní Ìgbógbó, àfi bó bá ní ìyẹ́. Wọ́n tún máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fún omi ọyàn sínú ike kí wọ́n sì kó o sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe, mo sì ní àwọn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi wákàtí 4 ni omi ọyàn lè lò nínú yàrá tó tutù, ọjọ́ 4 nínú fìríìjì, bẹ́ẹ̀ ni ooru oṣù Kẹta kò fi yàrá sílẹ̀ kó tutù, fìríìjì sì ń wo ojú iná. Inú kúlà tí yìnyín wà ni tiwa ń gbé. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán kí ọmọ tó mu ún, èmi a máa dà á nù, bí ó tilẹ̀ ń dun ìyá rẹ̀ dé egungun.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó, níbi tí àròyé àwọn méjèèjì tó kọ lẹ́tà kò dé rárá. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí jẹ́ 70,000 náírà láti oṣù Keje 2024, Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ ní ọdún kan náà pé òun yóò san 85,000. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń gba 85,000 yẹn. Ká ní ó ń na 3,000 náírà lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀. Fún ọjọ́ 22 tó fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù, ọkọ̀ ti gba 66,000. Ohun tó kù ni 19,000, inú rẹ̀ ni yóò ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán, inú rẹ̀ náà ni yóò ti san owó jẹ́lé-ó-sinmi. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ìṣirò yìí kò rí báyìí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí àwọn obìnrin tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n á wá kó àwọn aṣọ ọmọ wọn lọ́dọ̀ mi, tí wọ́n á sì máa bẹ̀ mí bí ẹni tó ṣẹ̀ mí.

Ibí yìí ni ọkọ máa ń pàtẹ́wọ́ pé ṣé o ti rí i báyìí, mo ti sọ fún ọ. Èmi náà ní ìbéèrè fún ọkọ. Kí ló dé tó jẹ́ pé inú owó oṣù ìyàwó nìkan ni a ti ń yọ owó ìtọ́jú ọmọ? Àwọn méjèèjì ló bí i. Àwọn méjèèjì ló ń lọ síbi iṣẹ́, tí ọmọ kò sì lè dá wà nílé nítorí pé àwọn méjèèjì kò sí níbẹ̀. Bí owó jẹ́lé-ó-sinmi bá jẹ́ 20,000, ẹ fi 10,000 sọ́rùn bàbá, kí ẹ sì tún ìṣirò náà ṣe lákọ̀tun, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yóò yí padà. N kò tíì rí bàbá kan tó jókòó, tó sì fi owó ọkọ̀ tirẹ̀ àti owó ìtọ́jú ọmọ wé owó oṣù rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun máa lọ síbi iṣẹ́.

Ìṣirò oṣù kan kò sì tó. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014 ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó rẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì ń fi ìdá 10 kún un. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìdá 10 yẹn náà ti lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbéga tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ọmọ kì í pẹ́ dàgbà lójú ẹni tí kò gbé e. Ẹni tó gbé e náà ló mọ̀ pé ọdún mẹ́ta gùn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta náà ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ á wọ ilé-ìwé, ìyá á sì tún máa wá iṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́mọdé tí kò tíì bímọ, tí agbanisíṣẹ́ á sì máa bi í léèrè ohun tó ń ṣe láti ọjọ́ yìí.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí, iṣẹ́ tó ní ìwé, tó ní ìgbéga, tí owó ìfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀, bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ tán sórí ọkọ̀ àti ìtọ́jú ọmọ fún ọdún méjì, mo máa ń sọ pé kó dì í mú, bí ó bá ti rí ẹni gidi tí yóò gbé ọmọ dání. Èyí tí kò ní ìwé, tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lójúmọ́, tí ọ̀gá lè ní kó má wá mọ́ lọ́la, tó sì ń gba wákàtí márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ lórí títì, n kò ní gba ìyá ọmọ oṣù mẹ́rin nímọ̀ràn pé kó lọ. Kó wá nǹkan ṣe nítòsí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí mi fún èyí.

Àwọn tó jókòó sílé kì í sábà jókòó. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ nígbà tó bí ìbejì, tó sì ń rán aṣọ ilé-ìwé nínú yàrá iwájú báyìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí ó fi dí ẹnu ọ̀nà kí àwọn ọmọ má baà jáde sí títì, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀rọ, ó ń fi èkejì ti bọ́ọ̀lù padà sí wọn. Ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, kì í sùn. Ẹni tó bá sọ pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ fi ìwé rẹ̀ ṣòfò kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìwé owó rẹ̀, ó sì ń ṣe ti àwọn aládùúgbò. Irú wọn lè dá owó ìfẹ̀yìntì fúnra wọn láti 2019, nígbà tí ìjọba ṣí i fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí agbanisíṣẹ́ tí yóò fi ìdá 10 kún un fún wọn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni obìnrin tí ọkọ ní kó jókòó sílé, tí kò sì sí ohun kan tó ń wọlé fún un ju owó ọbẹ̀ lọ. Tí ó bá fẹ́ ra pátá, ó gbọ́dọ̀ tọrọ. Tí ìyá rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ó gbọ́dọ̀ tọrọ. Ọkọ tó bá sọ pé kí ìyàwó òun má lọ síbi iṣẹ́ nítorí ọmọ, ó yẹ kó sọ iye tí yóò máa fún un lóṣooṣù yàtọ̀ sí owó ọbẹ̀, kó sì sọ ọ́ níwájú ẹbí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ owó orí ìyàwó. Bí kò bá lè sọ iye, kó má pàṣẹ. Àwọn àlùfáà àti pásítọ̀ tó ń wàásù pé kí abiyamọ wà nílé, n kò tíì gbọ́ kí ẹyọ kan nínú wọn ya ìwàásù ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún owó yìí.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí àwọn ìdílé ń gbà láti yẹra fún ìpinnu náà, òun ni ti ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n á lọ mú ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá láti abúlé, wọ́n á ní àwọn yóò fi sí ilé-ìwé, òun ni yóò sì máa gbé ọmọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbà wọlé ní 2007, kò fàyè gba kí wọ́n fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Mo ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ tó wá gba ọmọ lọ́dọ̀ mi ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti sinmi díẹ̀, tó sì sùn lọ kí n tó kó báàgì ọmọ jáde. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà kí ọmọdé wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn bínú, ó kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Bí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ṣe nǹkan, kò le. Ní ọjà Sábó, ẹ fún àwọn ìyálọ́jà ní yàrá méjì tó mọ́, kí àwọn fúnra wọn yan àwọn àgbà obìnrin tí yóò máa tọ́jú ọmọ, kí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan máa dá owó lójoojúmọ́ bí wọ́n ti ń dá owó fún alájọ. Ní Odògúnyàn, kò pọn dandan kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ tirẹ̀. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún bá pawọ́ pọ̀ gba ilé kan sí àárín wọn, ìdajì wákàtí tí òfin fún ìyá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ yóò di ohun tó lè lò. Ọmọ tí wọ́n bá ń gbé lọ sí ilé yẹn kò ní sí lọ́dọ̀ mi mọ́, mo mọ̀, n kò sì bínú sí i.

Mo wá bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú. Nínú gbogbo àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ mi, ẹyọ kan péré ló mọ̀ pé òfin sọ ohunkóhun nípa ìdajì wákàtí yẹn, ẹni náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Ẹ bá wa tẹ abala òfin náà ní èdè Yorùbá nínú ìwé ìròyìn yín, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí ẹ sì fi sí ojú ewé tí ìyá lè gé jáde, kó fi sínú báàgì, kó mú un lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Jẹ́lé-ó-sinmi,
Ìgbógbó, Ìkòròdú.